Báàgì Ogún Kílò Lọ sí Ibi Tí Omi Ti Mọ́ Gaara

Láti ìgbà tí mo ti dé, ìbéèrè kan náà ni gbogbo yín ń bi mí, ìbáà jẹ́ lẹ́nu ọ̀nà ilé, ìbáà jẹ́ nídìí ibi tí mo ti ń ra búrẹ́dì: kí ni mo rí níbẹ̀? Ẹ jẹ́ kí n jókòó kí n sọ ọ́ tán lẹ́ẹ̀kan. Tí mo bá ń sọ ọ́ lórí ìdúró, inú mi máa ń dùn débi pé mo máa ń fo ibi tó dára jù.

Fún ẹni tí kò mọ̀ mí, Sìdíkátù ni orúkọ mi. Ajégúnlẹ̀ ni wọ́n bí mi sí, ibẹ̀ náà ni mo dàgbà sí. Ìyá mi jẹ́ mùsùlùmí ará Ìjẹ̀bú, bàbá mi jẹ́ ará Ìlàjẹ, ọmọ ìjọ aláṣọ funfun. Iṣẹ́ òmùwẹ̀ abẹ́ omi ni mò ń ṣe. Tí ọkọ̀ òkun bá gúnlẹ̀ sí Àpápá tàbí Tin Can, tí ìkarahun àti ewéko omi bá ti hù sí ìdí rẹ̀ bí irùngbọ̀n, èmi àti àwọn ẹgbẹ́ mi la máa ń wọ abẹ́ rẹ̀ lọ ha á kúrò. Rọ́bà gígùn kan ló ń gbé afẹ́fẹ́ wá fún wa láti òkè, òjé tó wúwo la sì ń sán mọ́ ìbàdí kí omi má bàa tì wá sókè. Ọdún kọkànlá rèé. Ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, n kò fi ojú rí nǹkan kan nísàlẹ̀ omi rí. Omi tiwa dúdú. Tí mo bá gbé ọwọ́ mi síwájú imú, n kò rí i. Ọwọ́ ni mo fi ń mọ ibi tí irin ti tẹ́jú, ibi tó ti sán, ibi tí ìkarahun wà. A máa ń jáde nínú omi, a ó sì sọ bí iṣẹ́ ṣe lọ, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń bi ẹnì kejì pé kí lo rí.

Àfi Zulmira.

Zulmira wà lára àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ òkun kan tí a fọ ìdí rẹ̀ ní Tin Can. Obìnrin tó jù mí lọ ní bí ọdún mẹ́wàá, irun rẹ̀ ti ń funfun níwájú. Bí mo ṣe jáde tí mo ń yọ ìbòjú kúrò lójú, ó fara ti irin ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, ó fi Gẹ̀ẹ́sì tó ní ohùn àjèjì bi mí pé kí ni mo rí nísàlẹ̀. Mo ní n kò rí nǹkan kan. Ó ní òun kò sọ ti òní nìkan. Mo ní èmi náà kò sọ ti òní nìkan. Lẹ́yìn náà ló wá sọ fún mi pé ọmọ Kepu Fẹ́ẹ̀dì lòun, àwọn erékùṣù tó wà láàárín òkun lápá ìwọ̀ oòrùn, àti pé òun ní ilé ẹ̀kọ́ kékeré kan níbẹ̀ tí òun ti ń kọ́ ènìyàn ní wíwọ omi. Iṣẹ́ oṣù díẹ̀ ló gbé òun wá sórí ọkọ̀ yìí.

“Wá sọ́dọ̀ mi,” ó ní. “Wá fi ojú rẹ rí omi kí o tó kú.”

Mo rẹ́rìn-ín, mo bá tèmi lọ. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ sígbà náà tí ilé iṣẹ́ tó ń gbé iṣẹ́ fún wa kéde pé láti ọdún tó ń bọ̀, ẹni tí kò bá ní ìwé ẹ̀rí òmùwẹ̀ kò ní wọ omi wọn mọ́. Èmi kò ní ìwé kankan. Bàbá Orímọlóyè ló kọ́ mi níṣẹ́, ọwọ́ wọn ni wọ́n sì fi kọ́ mi, wọn kò lo pátákó. Mo kọ̀wé sí Zulmira. Ó dá mi lóhùn lọ́jọ́ kan náà pé kí n wá fún ọ̀sẹ̀ méjì, pé ìwé tí òun bá fọwọ́ sí, wọn yóò gbà á níbikíbi. Ó wá fi kún un pé òun kì í fọwọ́ sí i fún ẹni tí kò bá yege.

*

Ogún kílò

Zulmira kọ ohun tí mo gbọ́dọ̀ gbé wá ránṣẹ́. Sìlíńdà afẹ́fẹ́ wà lọ́dọ̀ òun, òjé náà wà. Ṣùgbọ́n ohun tó bá kan ẹnu, ohun tó bá kan ojú, ohun tó bá kan ẹsẹ̀, tìrẹ ni kí o gbé wá. Ọkọ̀ òfurufú kékeré tó ń fò láti erékùṣù kan sí èkejì kò gbà ju ogún kílò lọ, àti aṣọ, àti bàtà, àti ohun gbogbo.

Mo di ẹrù mi bí ẹni tó ń lọ síbi iṣẹ́. Mo kó ẹ̀wù rọ́bà tó nípọn, bàtà iṣẹ́, ọ̀bẹ irin ńlá, tọ́ọ̀ṣì tó tóbi bí orí ọmọ tuntun, àti ẹsẹ̀ pẹ́pẹ́yẹ gígùn, ìyẹn rọ́bà pẹlẹbẹ tí a ń kì bọ ẹsẹ̀ láti fi tu omi. Ìyá mi fi gààrí, èlùbọ́ àti ata gígún kún un. Ẹ̀gbọ́n mi Kàmórù, tó ń bá àwọn oníṣòwò yọ ẹrù ní pọ́ọ̀tù, gbé báàgì náà kọ́ sórí òṣùwọ̀n ilé ìkẹ́rù wọn. Kílò mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n.

Ó wò mí títí. “Sìdí, ṣé èèyàn ló ń lọ ni àbí kọ̀ǹténà?”

Mo gbé e lọ sílé Bàbá Orímọlóyè. Bàbá ti lé ní àádọ́rin ọdún, àádọ́ta ọdún ni wọ́n fi wọ omi, omi sì ti mú etí wọn ọ̀tún lọ. Ẹ gbọ́dọ̀ jókòó sọ́wọ́ òsì wọn kí ẹ tó bá wọn sọ̀rọ̀. Wọ́n ní kí n tú gbogbo rẹ̀ sórí ẹní. Wọ́n wá ń mú nǹkan kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń gbé e sókè, ìbéèrè kan ṣoṣo ni wọ́n sì ń bi mí: “Tí èyí bá kù sílé, ṣé wàá kú?”

Mo ní tọ́ọ̀ṣì kò ní pa mí. Wọ́n gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ọ̀bẹ ńkọ́? Kò ní pa mí. Bàtà iṣẹ́? Rárá. Èlùbọ́? Mo fọwọ́ bò ó, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n gbé e kúrò. Ẹ̀wù rọ́bà tó nípọn ni kí n pààrọ̀ sí fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ẹsẹ̀ pẹ́pẹ́yẹ gígùn, wọ́n ní ó wúwo ju ẹsẹ̀ tó fẹ́ wọ̀ ọ́ lọ. Ọjọ́ kejì ni mo rí kúkúrú kan ní ìsọ̀ òkìrìkà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin ní Ìjọra Badia. Ẹni tó ń tà á kò mọ ohun tó jẹ́, ó ní bàtà àwọn òyìnbó tí ẹsẹ̀ wọn fẹ̀ ni.

Nígbà tí ó kan ẹ̀rọ ìmí, ìyẹn èyí tí a ń so mọ́ sìlíńdà tí a ń kì bọ ẹnu, Bàbá gbé e lé itan, wọn kò bi mí ní ìbéèrè. Wọ́n tú àwọn rọ́bà rẹ̀ kúrò lára irin rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ká wọn roboto, wọ́n fi ìbọ̀sẹ̀ bo ẹnu wọn.

“Ẹ̀mí ẹ nìyí,” ni wọ́n wí. “Má fi í sínú ẹrù tí wọ́n máa gbé lọ níbi tí ojú ẹ ò tó. Gbé e kọ́ èjìká.”

Wọ́n kọ́ mi pé a kì í ṣẹ́ ẹ̀wù rọ́bà po, a máa ń ká a bí ẹní ni, nítorí ojú ibi tó bá ṣẹ́, ibẹ̀ ni yóò ti ya. Mo ki aṣọ àwọ̀tẹ́lẹ̀ mi bọ inú ẹsẹ̀ pẹ́pẹ́yẹ, mo fi gèlè méjì wé ìbòjú, mo da gààrí sínú ọ̀rá, mo sì tẹ́ ẹ pẹlẹbẹ sí ìsàlẹ̀ báàgì kí ó lè jẹ́ tìmùtìmù. Nígbà tí a padà sórí òṣùwọ̀n, ó fi díẹ̀ dín ní ogún. Kàmórù jó yí ilé ìkẹ́rù po. Ìdùnnú tó mú mi lọ́jọ́ náà, ó jọ pé mo ti dé ibi tí mò ń lọ.

*

Irin àti rọ́bà

Ní erékùṣù tí a kọ́kọ́ bà sí, èmi nìkan ni mo mú ìwé ìrìnnà aláwọ̀ ewé dání lórí ìlà. Gbogbo àwọn tó wà níwájú mi kọjá. Nígbà tó kàn mí, ọkùnrin tó jókòó síbẹ̀ wo ìwé náà, ó wò mí, ó ní kí n dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́. Inú mi kò dùn sí i, ṣùgbọ́n kò yà mí lẹ́nu. Ẹni tó bá ti gbé ìwé wa rìn, ó mọ ẹgbẹ́ tí wọ́n máa ń ní kí a dúró sí.

Ẹlòmíràn ló wá, àgbàlagbà díẹ̀, ó wọ aṣọ iṣẹ́ tí wọ́n lọ̀ dáadáa. Ó ní kí n ṣí báàgì èjìká mi. Ó fa rọ́bà kan yọ, ó fa òmíràn yọ, ó gbé irin tó wà láàárín wọn wò. Ó bi mí pé ẹ̀rọ kí nìyí. Mo ní èyí tí mo fi ń mí ni. Kò rẹ́rìn-ín. Ó fi Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀díẹ̀ sọ fún mi pé òun ti rí àwọn tó ń wá wẹ̀ ní erékùṣù wọn, ọ̀pọ̀ wọn, ṣùgbọ́n òun kò tíì rí èyí tó ti Èkó wá. Ó ní tó bá jẹ́ tèmi lóòótọ́, kí n tò ó.

Mo tò ó sílẹ̀ lórí tábìlì rẹ̀. Mo mú irin, mo wá ojú ihò rẹ̀, mo yí rọ́bà àkọ́kọ́ wọ̀ ọ́, mo yí èkejì, èyí tí a ń lò tí ti ẹnìkejì ẹni bá kọṣẹ́, mo yí èyí tó ń fi iye afẹ́fẹ́ hàn. Àárín rẹ̀ ni mo ṣàkíyèsí pé gbogbo ibẹ̀ ti dákẹ́. Mo gbójú sókè. Ìgbà náà ni mo tó mọ̀ pé ojú mi ti wà ní dídì láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ó bi mí pé kí ló dé tí mo fi dijú.

Mo ní, “Ẹ má bínú, sà. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe mọ̀ ọ́n tò. Níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́, kò sí ohun tí ojú ń rí.”

Ó gbà á lọ́wọ́ mi, ó fà á wò bóyá ó dì. Ó wá sọ pé bàbá òun náà ń wọ omi, ó ń mú ẹja láàárín àpáta, kò ní ẹ̀rọ kankan, ìmí inú ara rẹ̀ nìkan ló ní. Ó tẹ ìwé mi ní òǹtẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló bá mi gbé báàgì ogún kílò náà dé ẹnu ọ̀nà ibi tí ọkọ̀ kékeré yẹn wà, ó sì sọ ọ̀rọ̀ kan fún mi, “Fọ́sà.” Zulmira ló túmọ̀ rẹ̀ fún mi lẹ́yìn náà: agbára. Wọ́n máa ń sọ ọ́ fún ẹni tó fẹ́ kojú nǹkan.

*

Mindẹlo

Mo ti rò pé erékùṣù gbọ́dọ̀ ní ewé. Mindẹlo, ìlú Zulmira, kò ní. Òkè pupa, òkè gbígbẹ, ilé tí wọ́n kùn ní àwọ̀ yẹ́lò àti búlúù lábẹ́ wọn, àti òkun. Lódìkejì èbúté wọn, òkè kan wà tó rí bí ojú ọkùnrin tó dùbúlẹ̀ tó kọjú sókè, ẹ rí iwájú orí, ẹ rí imú, ẹ rí àgbọ̀n. Atẹ́gùn ibẹ̀ kì í sinmi. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó ṣí ìborí mi lọ. Ọkùnrin kan tí n kò mọ̀ rí sá tẹ̀lé e títí dé etí omi, ó gbé e padà fún mi, ó fi ọwọ́ kan àyà, ó bá tirẹ̀ lọ.

Zulmira ń gbé pẹ̀lú ìyá rẹ̀ àgbà. Nígbà tí mo rí màmá, mo kúnlẹ̀ kí wọn. Wọ́n rò pé mo ṣubú ni. Wọ́n ké sí Zulmira, àwọn méjèèjì gbé mi dìde, wọ́n ń gbọn orúnkún mi nù. Láti ọjọ́ náà, tí màmá bá ti rí mi láàárọ̀, wọ́n á kọ́kọ́ di ọwọ́ mi mú kí n má bàa tún ṣubú. Mo ń pe Zulmira ní Àǹtí. Ó bi mí ohun tó túmọ̀ sí, inú rẹ̀ sì dùn sí i débi pé ó ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó kù náà máa pè é bẹ́ẹ̀. Àwọn tó kù ni tọkọtaya ará Jámánì kan, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n.

Oúnjẹ wọn ni káshúpà. Àgbàdo tí wọ́n gún tó ti bó, ẹ̀wà, ẹ̀gẹ́, ọ̀dùnkún, wọ́n á sè é pọ̀ fún wákàtí púpọ̀. Ẹni tó bá jẹ ẹ̀gbo tó sì jẹ àdàlú rí, ó ti mọ ọ̀nà ilé rẹ̀. Wọ́n máa ń fi ẹran ẹlẹ́dẹ̀ sí i. Mo ní èmi kì í jẹ ẹ́, màmá kò bi mí nídìí, ẹja ni wọ́n fi ń se tèmi láti ìgbà náà. Èyí tó bá kù di ọjọ́ kejì, wọ́n á dín in nínú epo, wọ́n á fi ẹyin lé e lórí. Mo yọ ata gígún tí ìyá mi ti dọ́gbọ́n fi pamọ́ sínú ìbọ̀sẹ̀ mi. Màmá tọ́ ọ wò, omi bọ́ lójú wọn, wọ́n ní kí n bu sí i.

Ohun gbogbo kọ́ ló dùn o. Lọ́jọ́ kẹta, àwọn géńdé kan tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù kan pè mí ní orúkọ kan bí mo ṣe ń kọjá. Ojú Zulmira yí padà. Ó ní orúkọ tí wọ́n ń pe gbogbo ènìyàn tó bá ti ilẹ̀ Áfíríkà wá ni, ibi yòówù kó jẹ́, pé kí n má bínú sí wọn. N kò rí ẹnu bínú. Mo rántí bí àwa náà ṣe ń pe gbogbo ará Òkè Ọya ní mọ̀là, tí a kì í bi wọ́n ní orúkọ.

Omi mímu wọn, inú òkun ni ẹ̀rọ ti ń fà á, tó ń yọ iyọ̀ rẹ̀ kúrò. Nítorí náà, tí a bá jáde nínú òkun, àgbá kan ṣoṣo la fi ń ṣan gbogbo ẹrù wa, omi kan náà láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Ó ń ya àwọn ará Jámánì lẹ́nu. Èmi tí mo ń ra omi lọ́wọ́ mẹ́ruwà láti kékeré, ara mi balẹ̀ níbẹ̀.

*

Bí ó ṣe jìn tó

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí bó ṣe rí, nítorí mo ti fọ́nnu fún ọ̀pọ̀ nínú yín kí n tó lọ.

Ọkọ̀ ojú omi Zulmira gbé wa lọ sí etíkun abúlé kan tí wọ́n ń pè ní Sao Pẹ́dírò. Mo ti sọ fún àwọn ará Jámánì pé ọdún kọkànlá mi rèé. Mo wọ ohun gbogbo kí wọ́n tó di ìdajì tiwọn. Mo fò sínú omi, mo dojú bolẹ̀, mo sì rí ìsàlẹ̀.

Kò sí nǹkan kan láàárín èmi àti ìsàlẹ̀. Iyanrìn funfun wà lọ́ọ̀ọ́kán, àpáta dúdú, ẹja kéékèèké tó ń rìn lọ bí ènìyàn tí a wò láti òkè ilé. Mo rí òjìji ọkọ̀ wa lórí iyanrìn náà. Mo rí òjìji ara mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó kéré. Gbogbo ara mi sọ fún mi pé mo ń já bọ́. Ní Tin Can, bí mo ṣe ń sọ̀kalẹ̀ tó, n kò mọ̀ pé òkè ni mo ti ń bọ̀. Mo yí padà, mo di àkàbà ọkọ̀ mú, n kò sì lè jọ̀ ọ́. Zulmira bá mi sọ̀rọ̀, mo ń gbọ́, ọwọ́ mi kò gbọ́. Wọ́n ní láti fà mí gòkè. Tọkọtaya àgbà yẹn sọ̀kalẹ̀, wọ́n sì padà wá pẹ̀lú ẹ̀rín.

Ọjọ́ kejì, bẹ́ẹ̀ náà. Ọjọ́ kẹta, mo dé ìwọ̀n ènìyàn méjì sísàlẹ̀, mo sá padà. Bí a ṣe ń padà sílé, mo ní kí Àǹtí Zulmira ṣàánú mi, pé ó ṣe tán, ó ti rí mi lẹ́nu iṣẹ́ ní Tin Can, ó mọ̀ pé òmùwẹ̀ ni mí.

Ó ní, “Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n tí ọ̀sẹ̀ yìí bá parí tí o kò tíì dé ìsàlẹ̀, n kò lè fọwọ́ sí irọ́.”

Mo jókòó ti òkun ní ìrọ̀lẹ́ yẹn, mo ro iṣẹ́ mi tó ń lọ. Mo bínú sí ojú mi. Bí mo ṣe ń bínú sí i ni èrò wá sọ́kàn mi pé kí ló dé tí mo fi ń lò ó. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo ní kí Zulmira so okùn kan mọ́ ọkọ̀, kí ó fi òjé sí ìdí rẹ̀, kí ó jù ú sísàlẹ̀. Mo wọ omi, mo di okùn náà mú, mo dijú. Bí mo ṣe dijú, ilé ni mo wà. Mo rọ̀ mọ́ okùn náà sọ̀kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, mo ń di imú, mo ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí etí mi kí ìwúwo omi má bàa dùn ún, bí Bàbá Orímọlóyè ṣe kọ́ mi, Zulmira sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, mo ń gbọ́ ìmí rẹ̀. Orúnkún mi kan iyanrìn. Mo dúró títí ìmí mi fi wálẹ̀.

Mo wá la ojú.

Ohun àkọ́kọ́ tí mo wò ni ọwọ́ mi. Ó wà níbẹ̀, níwájú mi, pẹ̀lú àpá tí ìkarahun fi sí i. Ọdún mọ́kànlá tí ọwọ́ yìí ti ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ omi, a kò tíì ríra rí níbẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín, omi wọ ẹnu mi, mo tu ú. Oòrùn ń sọ̀kalẹ̀ wá bá wa bí okùn wúrà. Ẹja kan tó gùn bí fèrè dúró ní ìnàró lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpáta, ó rò pé a kò rí òun. Òmíràn tó jẹ́ búlúù, tó ní ẹnu bí ti ayékòótọ́, ń gé àpáta jẹ, mo ń gbọ́ ọ: káú, káú. Ìjàpá omi kan kọjá lókè orí mi, ikùn rẹ̀ funfun, kò wò mí. Mo ń nàka sí ohun gbogbo. Zulmira ní láti fi ohun tó ń sọ iye afẹ́fẹ́ hàn mí lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí n tó gbà láti gòkè.

Nígbà tí mo wà lókè, mo sọ̀rọ̀ láì dákẹ́ títí a fi dé ilé. Ọ̀rọ̀ Yorùbá ni. Kò sẹ́ni tó gbọ́, kò sì sẹ́ni tó ní kí n dákẹ́.

*

Ẹ́ńjìnì Tóyì

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, apẹja kan tó ń jẹ́ Tóyì, aládùúgbò Zulmira, ń gbé ẹ́ńjìnì láti inú ọkọ̀ rẹ̀ kan sí òmíràn ní kọ̀rọ̀ èbúté níbi tí àwọn apẹja ń so ọkọ̀ mọ́. Ó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ sínú omi. Ẹ́ńjìnì kan ṣoṣo tó ní ni, láìsí i, kò sí òkun fún un. Kọ̀rọ̀ náà ni gbogbo ẹrẹ̀ èbúté ń lọ, omi rẹ̀ kò mọ́. Òmùwẹ̀ méjì tó ń bá Zulmira ṣiṣẹ́ wọ̀ ọ́ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, ẹsẹ̀ wọn ru ẹrẹ̀ sókè, wọ́n jáde, wọ́n ní àwọn kò rí nǹkan kan.

Èmi nìkan ni inú mi ń dùn níbẹ̀. Mo ní kí wọ́n mú tọ́ọ̀ṣì kúrò. Mo wọ omi, mo so okùn mọ́ ìdákọ̀ró ọkọ̀ Tóyì nísàlẹ̀, mo mú ẹnu rẹ̀ kejì, mo ń yí po bí ewúrẹ́ tí a so mọ́lẹ̀, lẹ́yìn ìyípo kọ̀ọ̀kan mo ń tú okùn náà sí i. Ọwọ́ mi kan táyà, ó kan àwọ̀n tó ti jẹrà, ó kan bàtà. Ní ìyípo kẹrin, ó kan irin tó ní ewé mẹ́ta, èyí tó ń ta omi. Mo fọwọ́ tọ̀ ọ́ dé òkè, mo so okùn kejì tí àwọn tó wà lókè dì mú mọ́ ọn, mo fà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí wọ́n lè mọ̀.

Nígbà tí wọ́n fà á jáde, àwọn ọkùnrin tó wà níbẹ̀ kò pariwo. Wọ́n gbé omi wá, omi mímu tí wọ́n ń tọ́jú bí ojú, kẹ́ẹ̀gì lórí kẹ́ẹ̀gì, láti ilé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, wọ́n dà á sínú ẹ́ńjìnì náà láti fi ṣan iyọ̀ kúrò. Ní àṣálẹ́, ó dún. Tóyì fi orí rẹ̀ ti èjìká mi, ó dúró bẹ́ẹ̀.

Ìyá rẹ̀, Nya Bíà, wá dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé wọn, ó ń na ọwọ́ pè mí. Bí a ṣe ń fi “màmá” ṣáájú orúkọ àgbà obìnrin níhìn-ín, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń fi “Nya” ṣáájú níbẹ̀. Ó bù fún mi kí ó tó bù fún àwọn ọkùnrin. Mo ní ó tì, ó ti àwo náà mọ́ mi láyà. Ẹja dídín kan wà níbẹ̀ tó ń ta sánsán, tí egungun rẹ̀ gan-an ṣe é jẹ. Mo jẹ ẹ́ tán kí wọ́n tó sọ fún mi pé ẹja tó rí bí ejò ni, èyí tó ń gbé inú ihò àpáta. Mo ní kí wọ́n bu sí i.

Nya Bíà bi mí, Zulmira ń túmọ̀, bóyá ìyá mi mọ ibi tí mo wà. Mo yọ fóònù, mo pe ìyá mi kí ó lè rí wọn. Nya Bíà gbà á lọ́wọ́ mi. Ìyá mi ń sọ Yorùbá, òun ń sọ tirẹ̀. Ó gbé fóònù náà yí ilé, ó fi ìkòkò hàn án, ó fi ẹ́ńjìnì hàn án, ó fi èmi hàn án. Wọ́n sọ̀rọ̀ títí àwo mi fi tutù. Nígbà tí mo gba fóònù padà, ìyá mi ní ènìyàn dáadáa ni obìnrin yẹn, pé gbogbo ohun tó sọ ló bá òun lára mu.

*

Ilé

Zulmira fọwọ́ sí ìwé mi lọ́jọ́ Jímọ̀. Ó kọ orúkọ mi ní kíkún, Sìdíkátù, ó sì bi mí bí wọ́n ṣe ń fi àmì sí i. Mo di báàgì mi láìsí òṣùwọ̀n, mo gbé e lọ́wọ́, mo mọ̀ pé ó pé. Nígbà tí mo dé, ilé iṣẹ́ gba ìwé náà, wọ́n ṣe ẹ̀dà rẹ̀, wọ́n fi í sínú fáìlì, ó tán. Mo ti padà sẹ́nu iṣẹ́.

Bàbá Orímọlóyè ni mo kọ́kọ́ lọ sọ fún. Mo jókòó sọ́wọ́ òsì wọn. Wọn kò béèrè ìwé. Wọ́n ní kí n sọ bí ìsàlẹ̀ omi ṣe rí tí ènìyàn bá fi ojú rí i láti òkè. Mo wá ohun tí wọ́n mọ̀ tí mo lè fi ṣe àpẹẹrẹ. Mo ní bí ènìyàn tó dúró sórí òrùlé àwọn ilé gíga Àpápá ni, tó wolẹ̀ tó ń wo àwọn tó ń kọjá lọ ní títì, àmọ́ kò sí òrùlé lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, kò sì sí ohun tó máa dì mú. Wọ́n bi mí bí ti Tin Can ṣe jìn tó sí i. Mo ní ó fi díẹ̀ dín, ṣùgbọ́n kò dín púpọ̀.

“Ibi gíga bẹ́ẹ̀ ni mo ti ń sọ̀ láti àádọ́ta ọdún?”

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá.

Wọ́n ń wo àtẹ́lẹwọ́ wọn.

“Ọpẹ́lọpẹ́ òkùnkùn,” ni wọ́n wí. “Ká ní mo rí i ni, mi ò ní wọ̀ ọ́. Ebi ì bá sì pa àwọn ọmọ mi.”

Wọ́n wá yí etí òsì wọn sí mi dáadáa, wọ́n ní kí n tún un sọ, kí n bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí mo ti la ojú.